Ọkọ́ àti Ọ̀kọ̀: Alberto da Costa e Silva, aṣojú Bràsíl l'Ékòó, òpìtàn àti akéwì

Àyìnlá_Òkèpópó | Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan béèrè níbí bóyá ẹni tó ń ṣe aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè lè jẹ́ òpìtàn tó dáńtọ́, kó sì tún máa kéwì, tàbí ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ iṣẹ́ tí ìyókù á jẹ́ ohun tó fi ń gbafẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, nítorí mo mọ ẹnì kan tó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Èkó wa níbí sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Alberto da Costa e Silva lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Bràsíl ni. São Paulo ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, àmọ́ Fortaleza ló ti dàgbà kó tó bọ́ sí Rio de Janeiro. Akéwì ni bàbá rẹ̀ náà, ọmọ ìlú Amarante ní ìpínlẹ̀ Piauí, òun ló sì kọ ọ̀rọ̀ inú orin ìpínlẹ̀ náà. Ọdún 1953 ni ọmọ tẹ ìwé ewì tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà yẹn. Ọdún 1957 ló jáde ní Instituto Rio Branco, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Bràsíl ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa ṣojú fún un. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri: Lisbon, Caracas, Washington, Madrid, Róòmù. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kéèyàn tú ẹrù tán.

Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, Bràsíl rán àwọn èèyàn wá bá wa yọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì wà lára wọn. Ọdún 1979 ló padà wá, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí aṣojú àgbà, ó sì wà l'Ékòó títí di 1983, nígbà ayé Shagari. Láti 1981 wọ́n tún fi Bẹ̀nẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tó ń jẹ́ da Costa e Silva sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí àwọn da Costa wà, tí àwọn da Silva wà, tí àwọn Pereira àti Cardoso wà, tí gbogbo wọn ń sọ Yorùbá geere ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Bràsíl padà wá. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní béèrè bó ṣe jẹ́?

Ó béèrè. Ọdún 1992 ni ìdáhùn rẹ̀ jáde, ìwé gbàǹgbà kan lórí Áfíríkà kí àwọn Potogí tó dé. Láti 1960 sí 1992 jẹ́ ọdún 32. Àkọlé ìwé náà ni A Enxada e a Lança. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí ẹ sì pè é sókè: Ọkọ́ àti Ọ̀kọ̀. Ohùn nìkan ló ya ohun tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ń jagun. Lédè Potogí, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá, èdè tiwa ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn Potogí gbé wá tó ba ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ wa jẹ́, ọkọ̀ ni.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé òpìtàn ni ẹ máa ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí, àbí aṣojú tó ń kọ̀wé?


Láàkàyè | Ọjọ́ Ajé, aago 9 kọjá ogójì ìṣẹ́jú

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní ìfura tèmi, mi ò sì fẹ́ gbé e mì.

Láti 1964 títí di 1985, ológun ló ń ṣèjọba Bràsíl. Àwọn ló fi ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ aṣojú. Lásìkò yẹn, Bràsíl ń wá epo rọ̀bì lọ́dọ̀ wa, ó sì ń wá ibi tí yóò ti ta ọjà tirẹ̀. Ohun tó máa dùn ún sọ fún wa ni pé "ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ wo jọ́lọ́jọ́lọ́ bí a ṣe ń gbé pọ̀ ní Bràsíl, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun". Àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíl fúnra wọn ń pariwo pé irọ́ ni. Ẹni tí ìjọba bẹ́ẹ̀ ń sanwó fún, ìtàn ta ni yóò sọ? Kì í ṣe pé mo ní òpùrọ́ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ọba, ó mọ ibi tí orin rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró.


Òṣìṣẹ́_Òkèòkun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀

Láàkàyè, ọ̀rọ̀ yín ní láárí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú ilé kún un.

Mo ṣiṣẹ́ ọdún 11 ní iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi kì í ṣe ọ̀gá, ìdí fáìlì ni mo wà. Àwọn tó wà níta rò pé àríyá ni iṣẹ́ náà, pé kóòtù dúdú, ife wáìnì àti fọ́tò ni. Ìwé kíkọ ni. Lójoojúmọ́ ayé lẹ máa kọ ìròyìn sílé fún ẹni tí kò tẹ ìlú tí ẹ wà rí. Ó yẹ kó lè rí ọjà náà, kó mọ ẹni tó ń bínú sí ẹni, kó mọ ìdí tí ọjà fi gbówó lórí. Tí ẹ bá purọ́, ìpinnu tí wọ́n máa ṣe nílé yóò wọ́, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa pè.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́, bírò pupa ló máa ń lò. Mo gbé ìròyìn ojú-ìwé méjì péré fún un lórí ọjà àgbàdo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà. Lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ta ló sọ ọ́?" Lẹ́ẹ̀kejì: "Ṣé o débẹ̀?" Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tí mo ti kọ "gbogbo èèyàn", ó ní kí n lọ kà wọ́n. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n títí dòní, mi ò lè ka ìwé ìtàn kankan kí bírò pupa yẹn má wá sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún ṣe irú iṣẹ́ yẹn tọkàntọkàn, òpìtàn ti wà lára rẹ̀ kó tó jókòó ti ìwé.


Àyìnlá_Òkèpópó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ bàbá yìí.

Lọ́dún 1869, Gobineau ni aṣojú Faransé ní Rio de Janeiro. Gobineau yìí kan náà ló kọ ìwé tó fi sọ pé ẹ̀yà òyìnbó ló ga ju gbogbo ẹ̀yà ayé lọ, ẹ ò lè sọ pé ó fẹ́ràn wa. Ó kọ lẹ́tà sílé, ó sọ nínú rẹ̀ pé àwọn Faransé méjì tó ń tàwé ní Rio, Fauchon àti Dupont, ń ta Kùránì bí 100 lọ́dọọdún. Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn ẹrú, àti àwọn tó ti ra ara wọn padà. Owó rẹ̀ ga. Àwọn kan máa ń fi odidi ọdún kan san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń ra ìwé gírámà èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi Faransé ṣe.

Da Costa e Silva fi ẹ̀rí kékeré yìí kọ àròkọ odidi, ó wà nínú ìwé rẹ̀ Um Rio Chamado Atlântico, Odò kan tó ń jẹ́ Atlántíkì, tó jáde ní 2003. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó ń ru ẹrù ní èbúté láti òwúrọ̀, olówó rẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọ̀hún, ó wá mú ìyókù lọ sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ó kà á sórí tábìlì, wọ́n fagi lé e nínú ìwé gbèsè, ó tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Títí ọdún fi yípo. Ọdún 34 lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835, tí wọ́n na àwọn Mùsùlùmí Bahia ní Bràsíl ní pàṣán, tí wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò nílùú.

Láàkàyè, ẹ wo ẹni tó rí i. Aṣojú ló mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà aṣojú. Ó mọ ibi tí Gobineau ti ń fọ́nnu àti ibi tó ti kàn ń ròyìn ohun tí ontàwé sọ fún un.


AkéwìKékeré | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ aṣojú àti òpìtàn, ẹ ti fi ewì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún un.

Nígbà tí Alberto kò tíì ju ọmọ kékeré lọ, àìsàn ọpọlọ mú bàbá rẹ̀, ó sì dákẹ́. Akéwì tí gbogbo Piauí ń kọ orin rẹ̀ jókòó sílé, kò sọ̀rọ̀ mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Títí bàbá náà fi kú lọ́dún 1950, bẹ́ẹ̀ ni ilé rí. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ìgbà èwe rẹ̀, Espelho do Príncipe, Dígí Ọmọ Aládé, lọ́dún 1994. Ọmọ tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ bí a ṣe ń wo ọwọ́ ẹni, ojú ẹni, bí ẹni ṣe ń di ife mú, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ìwé ewì rẹ̀ kan tó jáde ní 1978 ń jẹ́ As Linhas da Mão, Àwọn Ìlà Àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó gba Jabuti, ẹ̀bùn ìwé ní Bràsíl, lẹ́yìn náà ń jẹ́ Ao Lado de Vera, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vera. Vera ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn ohun tó wà nítòsí ló ń kéwì lé lórí, ìyàwó, koríko, ìgbà èwe, ikú tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò kígbe nínú ewì.

Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn kan ní Bràsíl pé bàbá náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ aṣojú nígbà èwe rẹ̀, Baron Rio Branco tó jẹ́ mínísítà nígbà náà kọ̀ ọ́ nítorí pé kò lẹ́wà. Orúkọ Baron yẹn ló wà lára ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ jáde. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ohun tí mò ń sọ ni pé akéwì ló kọ́kọ́ jẹ́. Ìtàn àti iṣẹ́ ìjọba ló wá bá ewì nílé.


Adé_Ọ̀yọ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Ó yà mí lẹ́nu pé àwa ọmọ Yorùbá ń béèrè bóyá èèyàn kan lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààfin Ọ̀yọ́ ń kọ́?

Ẹ wo àwọn Arókin. Ìtàn àwọn Aláàfin tó ti wàjà ló wà lẹ́nu wọn, wọn kì í kà á bí ẹni ń ka ìwé, ń ṣe ni wọ́n ń fi ohùn arò gbé e jáde. Òpìtàn ni, akéwì ni, ìjòyè ààfin sì ni. Kò sí ẹni tó ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ tún wo àwọn Ìlàrí. Àwọn ni Aláàfin ń rán lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n á fá apá kan orí wọn, wọ́n á sì sọ wọ́n ní orúkọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọba ni odidi: Ọbakòṣetán, Mádàríkàn. Tí Mádàríkàn bá wọ ìlú yín, kó tó la ẹnu ni ẹ ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ewì ẹlẹ́sẹ̀ kan ni orúkọ aṣojú. Ohun tí bàbá Bràsíl yìí ṣe, àwa ti mọ ipò rẹ̀ tipẹ́.


Láàkàyè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Adé, ẹ ṣeun, mi ò ronú kan Ìlàrí rárá. Síbẹ̀ ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ ni. Ọba ló ń bọ́ Arókin, Arókin kò sì ní kọrin ìtìjú ọba lójú ọba. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń tọ́ka sí. Níbo ni da Costa e Silva ti sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ Bràsíl nínú?


Àyìnlá_Òkèpópó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lọ́dún 2004, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Francisco Félix de Souza, ọmọ Bahia tó jẹ oyè Chachá ní Ouidah, ìlú etíkun ní Bẹ̀nẹ̀, tó kú ní 1849. Idile rẹ̀ ṣì wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wọ́n sì níyì níbẹ̀. Ará Bràsíl ni, ó di olówó ńlá, ọ̀rẹ́ ọba Dahomey. Ẹlòmíràn ìbá pè é ní akọni tó rékọjá òkun. Da Costa e Silva kọ ọ́ sí èèpo ìwé gan-an, mercador de escravos, oníṣòwò ẹrú. Ó jẹ́ ká rí ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, gbèsè rẹ̀, kò sì yí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Àwa náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó nípọn jù, A Manilha e o Libambo, tó jáde ní 2002, lé ní 1,000 ojú-ìwé lórí Áfíríkà àti òwò ẹrú láti 1500 sí 1700. Àwọn ọba wa tó tà wà níbẹ̀, àwọn tó kọ̀ wà níbẹ̀.


ÌyáTáíwò | Ọjọ́rú, aago 5 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ kú làákàyè. Àyìnlá, àbúrò mi, ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n sinmi.

O ní àkọlé ìwé náà ni "Odò kan tó ń jẹ́ Atlántíkì". Odò kẹ̀? Ohun tí mo kà ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 èèyàn ni wọ́n kó gúnlẹ̀ sí Bràsíl láàyè. Àwọn tí wọ́n jù sómi kò sí nínú iye yẹn. Odò là ń pọn mu, odò là ń fọ aṣọ ní etí rẹ̀, odò là ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì kó dá wa lóhùn. Ìyá tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ láti Ọ̀wu tàbí láti Ẹ̀gbá, ṣé ó pe ọmọ náà kó dá a lóhùn? Aṣojú ìjọba lè pè é ní odò nítorí bàálù ló ń gbé e kọjá. Lójú tèmi, ibojì ni.


Olùkọ́_Salvador | Ọjọ́rú, ọ̀sán (Bahia)

Ẹ kúnlẹ̀ fún mi níwájú ìyá wa o. Ẹ káàárọ̀ mà. Láti Salvador ni mo ti ń kọ̀wé, mò ń kọ́ Yorùbá níbí fún àwọn tó ń wá lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò ní jiyàn ibojì.

Ohun tí mo rò pé ó rí ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní bèbè kan, bèbè kejì mì. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, ogun gba gbogbo ilẹ̀. Nítorí ogun yẹn ni àwọn Yorùbá fi pọ̀ lójijì ní Bahia, ibi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn dìde ní ìlú tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n kó àwọn kan sọ́kọ̀ padà sí Áfíríkà. Ẹ̀rù ba àwọn mìíràn tó ti dòmìnira, wọ́n fi owó ara wọn wọkọ̀. Báyìí ni Pópó Àgùdà ṣe kún. Ìbọn tó dún nítòsí Ìlọrin ló kọ́ ilé alájà ní Èkó lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, Bahia ni ọ̀nà gbà. Ohun tí bàbá náà rí tó fi pè é ní odò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Oṣù Kìíní 2003 ni òfin 10.639 jáde, pé gbogbo ilé-ìwé Bràsíl gbọ́dọ̀ kọ́ ìtàn Áfíríkà. Àwọn olùkọ́ kò ní ohun tí wọ́n máa kà tó wà lédè wọn. Ìwé Ọkọ́ àti Ọ̀kọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọdún 11 ṣáájú. Obìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ó ń ta àkàrà, ohun tí wọ́n ń pè ní acarajé níbí. Ìwé nípọn jù fún un láti gbé nínú bọ́ọ̀sì, ó fi ọ̀bẹ gé e sí mẹ́ta, ó fi aṣọ àǹkárá rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ipa kan ló máa ń gbé lọ́sẹ̀ kan, epo pupa ti ta sí orí Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ni àkọlé náà lédè wa, ó pè é títí kíláàsì fi tú. Ó ń yí ohùn padà, ó ń bi mí: èyí ni ti oko? Èyí ni ti ogun?


Ọmọ_Àgùdà | Ọjọ́rú, alẹ́

Èmi ni ọmọ ilé tí ẹ ń sọ ìtàn rẹ̀. Òpópónà Bamgbose ní Pópó Àgùdà ni wọ́n ti bí bàbá mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọjọ́ Jímọ̀ ìrora Jésù, ìyá àgbà á se fúrẹ́jọ̀n. Ẹ̀wà ni, wọ́n á sè é rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á da omi àgbọn sí i pẹ̀lú kànáfùrù àti ṣúgà, a ó fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti há àgbọn. Ọwọ́ mi á bó. Tí mo bá ráhùn, ìyá àgbà á ní, "Ọ̀nà jíjìn ni oúnjẹ yìí gbà wá." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì béèrè. Ọmọ Àgùdà ni wá, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ó parí.

Ó dùn mí pé àlejò ló wá béèrè ohun tí àwa ọmọ inú ilé kò béèrè. Gbogbo Yorùbá ń pe Kátólíìkì ní Àgùdà títí dòní, wọn kò mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó padà wá. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ lọ wo iwájú rẹ̀, ẹ wo àwọn fèrèsé, kí ẹ sọ fún mi bí kò bá jọ Bahia. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n sì kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Àìkú. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo mú ègé sìmẹ́ńtì kan tó ní òdòdó lára, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi.

Mi ò mọ̀ bóyá odò ni tàbí ibojì, mà. Mo kàn mọ̀ pé ìyá àgbà ti lọ, mi ò sì bi í.


Adé_Ọ̀yọ́ | Ọjọ́rú, alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọmọ_Àgùdà.

Àwa náà ti rán irú wọn lọ rí o, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jídé Ọ̀sùntókun, òpìtàn, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ṣe aṣojú wa ní Jámánì. Ṣẹ́gun Olúṣọlá tó wà nídìí Village Headmaster lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe aṣojú wa ní Etiópíà. Ohun tí mo ń wá ni ẹnì kan tí a rán lọ sí Bràsíl tó jókòó ti àwọn arúgbó Bahia, tó wá kọ ọ́ lédè Yorùbá.


Àyìnlá_Òkèpópó | Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́

Adé, a ti ní aṣojú kan ní Bràsíl ṣáájú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún báyìí. Da Costa e Silva náà ló fi hàn wá.

Bràsíl ya kúrò lára Pọ́túgà ní 1822. Láàárín àwọn ọdún 1820 yẹn, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Manuel Alves Lima, ó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba Ọba Pedro Kìíní, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú ọba Onim. Onim ni wọ́n ń pe Èkó nígbà náà. Da Costa e Silva wá àwọn lẹ́tà náà rí, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 2005, Cartas de um Embaixador de Onim, Lẹ́tà Aṣojú Onim kan. Ó sọ ọ́ pé ọba Èkó àti Ọba Bìní wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba Bràsíl ní orílẹ̀-èdè tó dá dúró, kí Pọ́túgà tó gbà ní 1825. Ẹ wò ó: ẹni tó ti ṣe aṣojú Bràsíl l'Ékòó ló lọ gbé ẹni tó ṣe aṣojú Èkó ní Bràsíl jáde nínú erùpẹ̀ fáìlì. Ọmọ ọdún 74 ni nígbà yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti ṣe aṣojú ní Pọ́túgà, Kòlóńbíà àti Paraguay, ó ti ṣe ààrẹ Academia Brasileira de Letras, ẹgbẹ́ àwọn àgbà òǹkọ̀wé Bràsíl, ó ṣì ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn.

Yunifásítì Ifẹ̀ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1986. Ẹ̀bùn Camões, tó ga jù fún àwọn tó ń fi èdè Potogí kọ̀wé, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2014. Ó kú ní Rio lọ́jọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ẹni ọdún 92.


Láàkàyè | Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé òpìtàn ni. Ti ìjọba ológun tó rán an ṣì wà lọ́kàn mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Onim yẹn, mo fẹ́ kà á.


Olùkọ́_Salvador | Ọjọ́ Ẹtì, òwúrọ̀ (Bahia)

Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ túmọ̀ ojú-ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú A Manilha e o Libambo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí n fi síbí kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọlé ni mo ti dúró. Manilha ni irin tàbí bàbà tí wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀gbà, tí àwọn Potogí fi ń ra èèyàn. Libambo ni ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń so ẹrú pọ̀ mọ́ ara wọn lọ́rùn, láti inú èdè Àǹgólà ló ti wá. Mo kọ "Ẹ̀gbà àti Ṣẹkẹṣẹkẹ̀". Ó dùn ún gbọ́. Kí lẹ rí sí i?


ÌyáTáíwò | Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán

Ọmọ mi, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ kọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ti ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Ọrùn lo sọ pé wọ́n so. Kọ ọ́ ní Ẹ̀wọ̀n Ọrùn, má wá ohun tó dùn ún gbọ́. Ẹ̀gbà ni ti ọwọ́ ẹni tó tà, ẹ̀wọ̀n ọrùn ni ti ẹni tí wọ́n tà.

Tí o bá ti kọ mẹ́wàá yẹn tán, fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ fi àmì ohùn sí i. Ojú mi ṣì ríran dáadáa láàárọ̀.